Omi Ẹ̀rọ Ló Dà Sí Ẹja Kápútéènì, Aránṣọ Ló Gbé Ẹ̀bi Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ló ní kí n má bò ó. Ó ní bí mo bá máa kọ ọ́, kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi oyin ra á lára. Mo gbà fún un.

Ọgbọọgba ni wọ́n ń pè é nílé. Láti kékeré ni, bí wọ́n bá gé búrẹ́dì fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á gbé tirẹ̀ lé orí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó lè rí i bóyá wọ́n gùn bákan náà. Bí tirẹ̀ bá gùn jù, á gé e, á fi lé e lọ́wọ́. Bí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá gùn jù, ilé á gbóná. Bàbá wọn ló sọ ọ́ ní Ọgbọọgba, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè.

Nígbà tó jáde ilé ìwé gíga tí kò tíì ríṣẹ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló ń gbé, lókè ilé alájà kan tó jẹ́ ti ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kápútéènì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà. Kì í ṣe pé ó wa ọkọ̀ òkun rí o. Oúnjẹ ló ń sè nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń pàṣẹ fún ènìyàn bí ẹni pé ìjì ń bọ̀, ó tó kápútéènì méjì.

Ayálégbé méjì ló wà nísàlẹ̀. Onígbàjámọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé lápá ọ̀tún. Lápá òsì ni opó kan wà tó ń rán aṣọ funfun fún àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó wà ní òdìkejì títì. Yàrá tó ń sùn sí náà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bó bá kúrò níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ò ní tẹ̀ lé e lọ. Aránṣọ ni tèwe tàgbà ń pè é. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ju Ọgbọọgba lọ, síbẹ̀ ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ẹ fi obìnrin yìí sọ́kàn, nítorí òun ni wọ́n fẹ́ lé.

Tánkì omi kan ṣoṣo ló wà lórí òrùlé fún gbogbo wọn.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí Kápútéènì ra àpótí dígí. Kì í ṣe ti ẹja odò. Ti ẹja òkun ni, ẹja tó kun ara bí ẹni ń lọ sóde, pẹ̀lú edé pupa tó ń fi ẹsẹ̀ kéékèèké gbá ojú òkúta, ìgbín òkun tó ń lá dígí, àti iyùn alààyè tó ń ṣí bí òdòdó. Ọkùnrin tó ta gbogbo rẹ̀ fún un ni wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́ja. Ẹ má wulẹ̀ bi í pé èwo ló dùn lọ́bẹ̀. Ó máa ń bínú.

“Iyọ̀ òkun rèé nínú àpò,” Ẹlẹ́ja wí. “Ẹ̀ẹ́ pò ó mọ́ omi. Ohun tó kù ni pé, omi wo?”

“Omi ni omi,” Kápútéènì dáhùn.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé orí òkun lẹ ń sọ̀rọ̀ báyìí? Ẹ máa pa wọ́n dànù.”

Ẹ̀gbọ́n Ọgbọọgba dá sí i. “Ṣé ká máa se omi ẹ̀rọ lórí iná, kó wá tutù?”

“Ìyáàfin, bẹ́ ẹ bá sè é, kòkòrò inú rẹ̀ á kú. Èyí tó yọ́ sínú omi ò ní kú, torí kò láàyè tẹ́lẹ̀. Ńṣe ló máa ki sí i.”

“Omi inú ike tí wọ́n ń tà ńkọ́?”

“Adùn ni wọ́n fi kún òmíràn. Ohun tó ń mú un dùn lẹ́nu yín, òun náà ló máa sọ dígí di ewé tó ń yọ̀.”

“Omi òjò?” Kápútéènì bi í, ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì í.

“Láti orí páànù yín tó ti dógùn-ún yẹn?” Ẹlẹ́ja bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi èékánná kan páìpù abẹ́ básíà ìfọwọ́. “Ẹ wò ó. Bàbà ni páìpù ilé yìí. Omi tó bá sùn nínú bàbà, ẹ̀yin lè mu ún kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá kan edé yẹn, ó parí. Ìgbín á jábọ́, iyùn á funfun. Ẹja ló máa kẹ́yìn.”

Ó wá gbé asẹ́ jáde nínú páálí. Ike gígùn mẹ́rin ni, tí wọ́n so mọ́ra bí ọmọ ìyá, tí rọ́bà tín-ín-rín wọ inú wọn. Omi ẹ̀rọ á wọlé lápá kan. Omi asẹ́, tí kò ní nǹkan kan nínú mọ́, á máa kán jáde lápá kejì. Èyí tó kù á gba rọ́bà kẹta lọ.

“Bẹ́ ẹ bá rí garawa kan gbà,” Ẹlẹ́ja wí, “garawa mẹ́rin á ti bá rọ́bà kẹta lọ. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.”

Kápútéènì kọjú sí àbúrò ìyàwó rẹ̀. “Ìwọ tó ò níṣẹ́, ìwọ lo máa bójú tó o. Kọ́kọ́rọ́ yàrá omi tá a máa gbé e sí rèé, àfi èmi àfi ìwọ. Rọ́bà kẹta yẹn, fà á gba ojú fèrèsé lọ sínú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé, kí àwọn ará ìsàlẹ̀ máa fi fọ nǹkan wọn.”

“Omi ìdọ̀tí, Bọ̀dá?”

“Ṣé mo ní kí wọ́n mu ún ni?”

Ẹlẹ́ja ní kì í ṣe ìdọ̀tí, pé omi ẹ̀rọ kan náà ni, ó kàn le díẹ̀ sí i ni. Ọgbọọgba ò gbọ́ èyí. Inú rẹ̀ ti ru. Ohun tí asẹ́ pọ̀ jáde nítorí ẹja ni kí ènìyàn máa fi fọ aṣọ! Nígbà tí wọ́n jáde, ó ti rọ́bà náà bọ ihò tí omi ìwẹ̀ ń gbà lọ. Ó ní lójú òun kọ́ ni wọ́n máa ti fi èérí lọ àwọn aládùúgbò òun.

Kò bi Aránṣọ. Kò bi Onígbàjámọ̀. Ó dá ẹjọ́ náà nínú ọkàn ara rẹ̀, ó dá wọn láre, ó sì ti ìlẹ̀kùn.

Kò sí ohun tó ń mú Kápútéènì dé ẹ̀yìnkùlé. Kò mọ̀ pé dúrọ́ọ̀mù ibẹ̀ gbẹ.

Kò pẹ́ tí tánkì òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í tán lójijì. Kápútéènì ra àgádágodo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹ̀rọ àgbàlá tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń lò lọ́sàn-án kí asẹ́ lè rí omi gbà. Lọ́jọ́ tí ìjà ńlá ṣẹlẹ̀, Aránṣọ ti da ọṣẹ sí aṣọ nọ́ọ̀sì tó fẹ́ kó lọ. Ó gbé báfù dé ìdí ẹ̀rọ, ó rí àgádágodo.

“Kápútéènì! Ẹ wá ṣí ẹ̀rọ yìí o! Ọṣẹ wà lára aṣọ oníṣẹ́!”

Kápútéènì yọ lórí bákónì pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó mú ṣíbí tó fi ń wọn iyọ̀ dání. “Omi tó ń ti òkè wá fún yín ńkọ́?”

“Omi wo ló ń ti òkè wá? Òjò ni àbí itọ́ yín?”

“Aláìmoore! Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún yín!”

“Mẹ́rin nínú márùn-ún! Ẹ gbọ́ o, ó ti di tíṣà ìṣirò. Kápútéènì ìdí ààrò!”

Onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Oníbàárà tó ń fá irun fún ké gbàjarè: “Ẹ dákun, ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́, etí mi lẹ mú dání!”

“Bí o bá tún bú mi nínú ilé tí mo fi òógùn mi kọ́,” Kápútéènì wí, “màá fi ìgbálẹ̀ gbá ọ jáde.”

“Ẹja yín ń wẹ̀, èmi ò wẹ̀! Ọjọ́ ń bọ̀ tí màá gòkè wá fún un lómi ọṣẹ mu, ká jọ wò ó bó ṣe máa hó lẹ́nu!”

Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ.

Ọgbọọgba wà lójú fèrèsé. Ó mọ ohun tí mẹ́rin nínú márùn-ún túmọ̀ sí. Ó mọ̀ pé nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó mọ ohun tí èkejì ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀ ì bá pa iná náà. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ó ní láti sọ pé òun ni òun fi omi ṣòfò. Nítorí náà ó bínú sí Kápútéènì. Ìyẹn rọrùn jù.

Ó wọ yàrá omi. Asẹ́ ń kán bí ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Dúrọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n ń gba omi asẹ́ sí ò tíì dé ìdajì. Ẹ̀rọ ìfọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lè kún un kí ènìyàn tó jẹun tán. Ó bu omi asẹ́ sínú ife kan, ó bu omi ẹ̀rọ sínú èkejì, ó gbé méjèèjì sí ojú oòrùn.

Omi méjì, ojú kan.

“Ta ló máa mọ̀?” ó bi ara rẹ̀. Ẹ gbọ́ ìbéèrè yẹn dáadáa. Ẹni tó bá ti ń bi ara rẹ̀ pé ta ló máa mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀.

Ó pa asẹ́. Ó ṣí ẹ̀rọ sínú dúrọ́ọ̀mù, omi dà wàà. Ó jáde lọ bá Kápútéènì nínú pálọ̀.

“Bọ̀dá, dúrọ́ọ̀mù ti kún. Ẹ lè ṣí ẹ̀rọ àgbàlá fún wọn.”

“Ó ti kún? Ó yá o.”

“Mo ti mọ ọwọ́ rẹ̀ ni, sà.”

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń kí ènìyàn.

Láti ọjọ́ náà, omi tó. Ilé tutù díẹ̀, àfi èébú tó ti mọ́ wọn lára. Aránṣọ ò mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n Ọgbọọgba rọra sọ fún un pé, “Mo bá wọn sọ̀rọ̀ ni, Àǹtí.” Inú obìnrin náà dùn débi pé ó rán aṣọ kan fún un, aṣọ aláwọ̀ sánmà tó lè wọ̀ lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́. Ọgbọọgba ń rìn nínú ilé bí ẹni tó gba ìlú sílẹ̀ lọ́wọ́ ogun. Bí dúrọ́ọ̀mù bá ti lọ sílẹ̀, á pa asẹ́, á ṣí ẹ̀rọ.

Edé ló kọ́kọ́ lọ.

Kápútéènì bá a tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà ni ìgbín jábọ́ lára dígí, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Iyùn ká ara rẹ̀ kò, kò ṣí mọ́, ó funfun bí eyín. Nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bo òkúta. Ọkùnrin tó ń pariwo mọ́ gbogbo ayé náà kúnlẹ̀ síwájú àpótí dígí, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

“Kí ni mo fi ṣe yín? Kí ló ń dùn yín?” Ó gbójú sókè. “Ìwọ, lọ gbé omi asẹ́ wá. Omi tútù ló máa yọ wọ́n. Ká bu ti inú yìí dànù, ká fi tuntun sí i.”

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọgbọọgba fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ibẹ̀ ló yẹ. Ó mọ ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Ó rántí èékánná Ẹlẹ́ja lára páìpù bàbà.

Ó lọ gbé garawa wá. Ó tún dúró, ó ń fi igi ro iyọ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí ẹja aláwọ̀ òféèfé kan tó máa ń tẹ̀ lé ìka Kápútéènì lójú dígí fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ọkùnrin náà dìde.

“Ẹnì kan ló fún wọn ní nǹkan jẹ. Omi ọṣẹ! Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni?”

“Ẹ rọra,” ìyàwó rẹ̀ wí. “Ìbínú ló fi sọ ọ́.”

“Ìbínú ló fi ṣe é náà! Ọgbọọgba! Ìwọ lo máa ń wà nílé. Ìwọ kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Dá mi lóhùn: ṣé obìnrin yẹn gòkè wá?”

Aránṣọ gòkè wá lóòótọ́. Aṣọ aláwọ̀ sánmà náà ló gbé wá. Kò tilẹ̀ wọlé. Orí àtẹ̀gùn ló dúró sí tó ti nà án sí Ọgbọọgba, tó ní, “Wọ̀ ọ́ kí n rí i lọ́la,” tó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọgbọọgba dáhùn. Ó ní, “Mo rí i lórí àtẹ̀gùn.”

“Lórí àtẹ̀gùn! Kí ló gbé dání?”

“Ọ̀rá dúdú kan.”

“Ọ̀rá dúdú!” Kápútéènì ṣán ọwọ́ mọ́ itan.

Ẹ wò ó, kò purọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ, òótọ́ ni látòkè délẹ̀. Òótọ́ ló mú, òótọ́ ló pọ́n, òótọ́ náà ló fi gún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ irọ́ ni, bóyá ojú rẹ̀ ì bá fi í hàn.

Kápútéènì ò tilẹ̀ wọ bàtà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

“Bí oṣù yìí bá ti parí, kó ẹrù rẹ.”

Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. “Kí ni mo ṣe?”

“Lọ bi ẹja.”

“Ẹja? Kápútéènì, ṣé orí yín pé? Èmi tí mi ò ráyè pa yànmùyánmú, èmi ni mo wá pa ẹja?”

“Wọ́n rí ọ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọ̀rá dúdú!”

“Ta ló rí mi?” Aránṣọ dìde, aṣọ funfun ṣì wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ta ló rí mi?”

Kápútéènì ti ń gun òkè padà.

Lọ́jọ́ kejì, Aránṣọ bá Ọgbọọgba nídìí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Kò bá a jà. Ìyẹn ló burú jù.

“Wọ́n ní ẹnì kan rí mi lórí àtẹ̀gùn,” ó wí. “Mo ní kò burú, ọ̀rẹ́ mi mọ ohun tí mo gbé wá. Ìwọ lo mọ ẹjọ́ rò. Bá mi sọ fún wọn.”

“Màá sọ fún wọn, Àǹtí.”

“Ìgbà wo?”

“Ẹ jẹ́ kí inú wọn rọ̀ díẹ̀.”

“Inú wọn? Inú tèmi ńkọ́? Ilé ni wọ́n ń lé mi kúrò, kì í ṣe orí ìjókòó.”

“Màá sọ ọ́.”

Kò sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé jáde kó má baà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Bó bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ, á fi ìrọ̀rí bo etí. Ọmọbìnrin tó lè tìtorí búrẹ́dì da ilé rú ń yọ́ rìn nínú ilé bí olè.

Nígbà tí Aránṣọ rí i pé ẹnikẹ́ni ò bá òun sọ̀rọ̀, ó gòkè fúnra rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan. Ó fa Onígbàjámọ̀ lọ́wọ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́ja ló wà níwájú wọn, Aránṣọ ló lọ pè é wá.

“Ẹ ní mo fún ẹja ní nǹkan jẹ,” ó wí. “Ẹni tó mọ̀ nípa omi rèé. Kó yẹ̀ ẹ́ wò lójú gbogbo wa. Bó bá jẹ́ ọṣẹ ni, mi ò dúró de òpin oṣù, òní ni mò ń lọ.”

“Jẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò!” Kápútéènì pariwo. “Ṣé ẹ̀rù ń bà mí ni?”

Ọgbọọgba ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò dé ni. Aṣọ aláwọ̀ sánmà náà ló wà lọ́rùn rẹ̀. Kò ráyè bọ́ ọ.

Ẹlẹ́ja mú ohun ìwọ̀n kan tó rí bíi bírò jáde. Ó ní bí omi bá mọ́ pátápátá, òfo ló máa kọ síbẹ̀. Wọ́n ṣí yàrá omi, gbogbo wọn há sẹ́nu ọ̀nà. Ó kọ́kọ́ ṣí asẹ́, ó jẹ́ kó ṣàn díẹ̀, ó gba díẹ̀ sínú ife, ó ti ohun ìwọ̀n náà bọ̀ ọ́.

“Òfo. Asẹ́ yín ò ṣe nǹkan kan. Ó le koko.”

Ó bu ti inú dúrọ́ọ̀mù. Ó wò ó. Ó nu ohun ìwọ̀n náà mọ́ ṣòkòtò, ó tún bu òmíràn. Lẹ́yìn náà ó bu omi ẹ̀rọ ìfọwọ́, ó fi wé e.

“Ta ló ń pọn omi síbí?”

“Kí ló dé?” Kápútéènì bi í. “Ṣé ọṣẹ ni?”

“Ọṣẹ kẹ̀? Kò sí ọṣẹ kankan níbí. Omi ẹ̀rọ ló kún dúrọ́ọ̀mù yìí dé ẹnu. Wò ó, iye kan náà ni. Kì í ṣe pé ẹnì kan wá da ife kan sí i. Ẹni tó ṣe èyí, ńṣe ló ń kún un. Omi bàbà lẹ fi ń tọ́jú edé látìgbà yìí wá.”

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ ronú dé ibẹ̀. “Kápútéènì, kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí, mélòó ni?”

“Tèmi rèé. Èkejì…”

Kò parí rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lára okùn lọ́rùn Ọgbọọgba, ó tàn yanran lórí aṣọ tuntun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó. “Sọ̀rọ̀.”

“Mo ti sọ pé mo rí Àǹtí lórí àtẹ̀gùn…” Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń sọ.

Aránṣọ yí padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ìwọ ni?”

Ó sún mọ́ ọn.

“Ìwọ lo rí mi,” Aránṣọ wí. “Ó dáa. Kí ló wà nínú ọ̀rá? Sọ fún wọn. Kí ni mo gbé wá bá ọ lórí àtẹ̀gùn?”

Ọgbọọgba fi ọwọ́ bo iwájú aṣọ náà.

“Ó wọ̀ ọ́ sọ́rùn,” ni Aránṣọ wí fún àwọn yòókù. “Ẹ wò ó dáadáa. Májèlé mi nìyẹn. Mo tilẹ̀ fi bọ́tìnnì sí i.”

Nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ tú jáde pẹ̀lú ẹkún. Bó ṣe pa asẹ́, bó ṣe ṣí ẹ̀rọ, bó ṣe rò pé omi méjì tí ojú wọn bára mu, ọ̀kan ni wọ́n. “Nítorí yín ni, Àǹtí! Ẹja ń gba omi lọ́wọ́ yín. Kò dára bẹ́ẹ̀! Garawa márùn-ún fún garawa kan!”

“Márùn-ún kẹ̀?” Kápútéènì wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò pariwo. “Mẹ́rin ń lọ sísàlẹ̀ fún wọn. Rọ́bà yẹn, níbo lo fà á sí?”

“Inú ihò omi ìwẹ̀.”

“Rọ́bà wo?” Aránṣọ bi wọ́n.

Kápútéènì ṣàlàyé fún un. Bó ṣe ń ṣàlàyé ni ojú òun náà ń là. Òun àti Aránṣọ ń wo ara wọn bí àwọn méjì tó ti ń ju òkúta lu ara wọn lórí ògiri tí ẹnì kẹta mọ.

“Ẹ dúró ná,” Onígbàjámọ̀ wí. “Ṣé ẹ ń sọ pé omi wà látọjọ́ yìí? Tí ìyàwó mi ń fi ife kan fọ ìkòkò?”

“Mo rò pé ìdọ̀tí ni,” Ọgbọọgba wí. “Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ìdọ̀tí lọ̀ yín. Ìwọ̀sí ni.”

“Ta lo bi?” Aránṣọ ní.

“Àǹtí…”

“Mo ní, ta lo bi? Èmi tí mò ń fọ aṣọ, ṣé o bi mí?”

“Mi ò bi ẹnikẹ́ni.”

“O ò bi mí kó o tó gbà mí sílẹ̀. O ò sì bi mí kó o tó tà mí.”

Ẹ̀gbọ́n Ọgbọọgba gbé ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ gbá a létí. Ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn rẹ̀, ó jáde.

Kápútéènì wú ikọ́ tí kò wá. “Aránṣọ. Jókòó sí yàrá rẹ. Mo ti gba ọ̀rọ̀ mi padà.”

“Ẹ ṣeun. Mi ò jókòó.”

“Kí ni mo tún ṣe báyìí?”

“Ẹ̀yin? Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ bú mi lójú mi, mo bú yín lójú yín, a mọ ibi tí a dúró sí. Èyí tó ń jẹun nínú àwo mi tó tún ń fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ìyẹn ni mi ò lè bá gbélé.”

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ó rí yàrá kan ní òpópónà míràn, tó jìnnà sí ilé ìwòsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì díẹ̀ ṣèlérí pé àwọn á máa wá. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí.

Mo bi Ọgbọọgba ohun tó fẹ́ kí ẹ rí kọ́. Ó ní kí n sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ bíi tiwa, tí ara wa máa ń gbóná bí a bá rí ìwà ìrẹ́jẹ: ó dára kí ara yín gbóná. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó jà fún ẹnikẹ́ni, ẹ lọ jókòó tì í, kẹ́ ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́. Bí ìjà náà bá sì ti ọwọ́ yín dàrú, ẹ má fi ẹni tẹ́ ẹ ń jà fún bo ara yín.

Lọ́jọ́ tí Aránṣọ ń kó lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ ló kù gbẹ̀yìn, èyí onírin tó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Ènìyàn méjì ló ń gbé e. Ọgbọọgba ti ń dúró nínú àgbàlá láti àárọ̀. Ó sáré wá, ó tẹ̀ ba, ó di apá kan mú.

Aránṣọ ò bú u. Ó kàn yọ ọwọ́ tirẹ̀ kúrò lápá kejì, ó nà ró, ó ń wo ojú títì, títí Ọgbọọgba fi jọ̀wọ́ rẹ̀.

Kápútéènì sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀, ó gbé apá kan ẹ̀rọ náà. Aránṣọ gbé èkejì.

“Ẹ gbé e sókè dáadáa! Ṣé ẹ fẹ́ wọ́ ọ nílẹ̀ ni?”

“Ṣé èmi ni mo ní kó o ra irin odidi?”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ń gbé ìkòkò ọkọ̀ òkun!”

“Ìkòkò kì í ṣe ẹnu bíi tìrẹ!”

Báyìí ni wọ́n ń bú ara wọn kọjá àgbàlá, wọ́n ń bú ara wọn jáde ní géètì, títí dé ìdí ọkọ̀ akẹ́rù.

Kò sí ẹni tó bá Ọgbọọgba jà.